Àmì abẹ́ ewé fern kì í ṣe ẹyin kòkòrò

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo bá àǹtí kan ládùúgbò wa níbi tó ti ń gé ewé fern, ewéko kan tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, níwájú ilé rẹ̀ dànù. Ewé mẹ́tàdínlógún ti wà nílẹ̀, tútù yọ̀yọ̀. “Kòkòrò ti yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀,” ló wí. Oògùn kòkòrò ti wà nínú garawa.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.”

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin òdòdó ló gba èyí gbọ́, ó sì ń dùn mí, torí ewé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n ń gé. Àwọn àmì kéékèèké tó wà lábẹ́ ewé yẹn, tí wọ́n ń pè ní ẹyin kòkòrò, ni fern fi ń bímọ. Fern kì í yọ òdòdó, kì í so èso, kò sì ní hóró kankan. Àwọn àpò wínníwínní ló ṣù jọ di àmì kọ̀ọ̀kan. Eruku inú àpò kan, tí wọ́n ń pè ní spore, sábà máa ń jẹ́ 64. Bí àpò náà bá gbẹ, á là, á ká sẹ́yìn, á wá ta padà lójijì, á sì ju eruku náà sínú afẹ́fẹ́.

Ẹ já ewé kan tí àmì rẹ̀ ti gbó, ẹ tẹ́ ẹ sórí pépà funfun kí ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì kọjú sí pépà náà, kó sùn síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ gbé e kúrò, ẹ óò rí eruku tó tò bí àmì náà ṣe tò gẹ́lẹ́.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé eruku yìí kì í hù di fern lẹ́sẹ̀ kan náà. Ewé pẹlẹbẹ kan ló máa kọ́kọ́ hù, ó fẹ́lẹ́, kì í sábà tó èékánná, ó rí bí ọkàn tí wọ́n ń yà sórí káàdì. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀yà akọ àti ẹ̀yà abo wà. Àfi kí omi wà níbẹ̀ kí àtọ̀ tó lè lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹyin. Ibẹ̀ ni fern gan-an ti máa yọ. Ìdí nìyí tó fi ń hù lára ògiri kànga àti lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí.

Láyé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù kan gbà pé fern ní hóró tí ojú kì í rí, pé ẹni tó bá rí i mú, òun náà á di àìrí. Dókítà kan, John Lindsay, ló gbin eruku yìí ní Jàmáíkà tó sì rí i tó hù. Ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1794.

Kòkòrò gidi wà o. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í tò: á wà níhìn-ín, á wà lọ́hùn-ún, á gun ọ̀pá ewé, ewé á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Lára fern tó wọ́pọ̀ nínú ìkòkò, abẹ́ ewé nìkan ni àmì máa ń wà, ìlà kan lápá ọ̀tún, ìlà kan lápá òsì.