Irin tó kan jẹjẹrẹ kọ́ ló ń tàn án ká

"Irin ò gbọdọ̀ kàn án o! Tí wọ́n bá ti gé e wò pẹ́nrẹ́n, gbogbo ara ló máa gbà." Wọ́n tún ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ Ọ̀yìngbò lọ́sẹ̀ yìí, èrò ọkọ̀ sì ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Ó ń pààyàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń gé gan-an bí wọ́n bá fura sí jẹjẹrẹ inú ìfun. Dókítà á ti okùn tó ní kámẹ́rà lórí gba ẹnu tàbí ihò ìdí wọlé. Ẹ̀mú kékeré tó gba inú okùn náà kọjá ló ń já ẹran, ohun tó sì ń já kò ju ẹ̀ẹ́rún hóró ìrẹsì lọ. Wọ́n máa ń já bíi 6 sí 8, pàápàá létí egbò, torí ẹran tó ti kú ló sábà máa ń wà láàárín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojoojúmọ́ ni ìgbẹ́ líle ń ha kókó inú ìfun ńlá, tó ń mú un ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìfọwọ́kàn ló ń tàn án, ìgbẹ́ ì bá ti tàn án tipẹ́! Jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ògiri ìfun wọnú títí á fi dé ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀.

Ẹ ní lágbájá kú lẹ́yìn tí wọ́n gé e. Jẹ̀díjẹ̀dí lẹ kọ́kọ́ pè é, ẹ fi àgbo lé e fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ti ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ díẹ̀: abẹ́rẹ́ tó gba awọ ara wọnú kókó rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ sójú ọ̀nà tó gbà, àmọ́ kò wọ́pọ̀.

Ikọ́ ife inú ìfun àti amíbà (kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn) náà máa ń wú kókó tó jọ jẹjẹrẹ lójú kámẹ́rà, oògùn sì ń wò wọ́n. Lábù ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n á fi ìda di ẹran náà, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní máíkírọ́nù 3 sí 5 (1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan), wọ́n á sì rẹ ẹ́ láró. Nínú ìfun tó yè, àwọn ihò tó ń sun ikun máa ń tò gbọọrọ, létòlétò. Bí jẹjẹrẹ bá wọ̀ ọ́, àwọn ihò náà á wọ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á ya wọnú ẹran tó wà nísàlẹ̀.

Ìgò tí wọ́n ń kó ẹran náà sí ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé e lọ sí lábù, ẹ béèrè bóyá fọ́málíìnì (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà) ló wà nínú rẹ̀, kó sì tó ìlọ́po 10 ẹran náà. Inú omi lásán, ẹran á ti jẹrà kó tó débẹ̀. Kí orúkọ aláìsàn wà lára ìgò fúnra rẹ̀, kó má ṣe wà lórí ìdérí, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ìdérí.