Final Fantasy: ta ló sọ pé ẹni tó ń kú lọ ló fún un lórúkọ?

Ẹ̀gbọ́n kan ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa, níbi tí a ti ń tò sídìí PlayStation kan ṣoṣo. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìṣírí ránṣẹ́ lórí WhatsApp láràárọ̀ náà ti sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n á ní gbèsè ti mu Square, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ní Japan, dé ọrùn lọ́dún 1987, owó géèmù kan péré ló kù lápò wọn, ni Hironobu Sakaguchi tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà bá sọ géèmù náà ní Final Fantasy, "Final" ìyẹn ìkẹyìn, bí ẹni ń dágbére fáyé. Géèmù wá tà wàràwàrà, òkú bá jí. Ẹ ṣe àmín.

Ìtàn náà dùn, n kò jiyàn. Apá kan ibẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, òun ni kò sì jẹ́ kí irọ́ tó kù kú. Ọwọ́ kò dẹ Square rárá nígbà náà. Sakaguchi, tó ti fi yunifásítì sílẹ̀ láìparí, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí géèmù yìí kò bá tà, òun á padà sílé ìwé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ ti wá.

Lọ́dún 2015, níbi àpérò kan lórí géèmù Japan nílùú Kyoto, Sakaguchi tú àṣírí ọ̀rọ̀. Orúkọ tí ẹnu lè gé kúrú ni wọ́n ń wá, èyí tí wọ́n á lè kọ ní FF, tí àwọn ọmọ Japan á sì máa pè ní "efu efu". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: géèmù Dragon Quest tó jáde lọ́dún 1986, "Dorakue" ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà Fantasy ti wà nílẹ̀, torí ayé idán, idà àti dírágónì ni wọ́n fẹ́ dá. F kan ló kù tí wọ́n ń wá kiri. Fighting, ìyẹn ìjà, ni wọ́n kọ́kọ́ mú, àmọ́ Fighting Fantasy ti ní olówó orí. Orúkọ àwọn ìwé eré kan ni, tí Steve Jackson àti Ian Livingstone bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1982, níbi tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ti ń yan ọ̀nà tí ìtàn máa gbà. Ni wọ́n bá yà sídìí Final. Sakaguchi ní ọ̀rọ̀ yòówù kó jẹ́, bó bá ṣáà ti ní F níwájú, ìbá ṣe é.

Mo rò pé àwa Yorùbá yá láti gba ìtàn gbèsè yẹn gbọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá gbọ́ Abíọ́nà, a ti mọ ibi tí ìrọbí ti mú ìyá rẹ̀. Bí a bá gbọ́ Kòkúmọ́, a mọ ohun tí ojú àwọn òbí ti rí. Bí wọ́n bá wá pe nǹkan ní ìkẹyìn, kíá la ti ń wo ọ̀nà itẹ́ òkú. Ta ni yóò rò ó pé nítorí kó lè dùn pè lẹ́nu ni?

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú ìṣirò. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù náà 200,000 ni Square fẹ́ ṣe. Sakaguchi ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ di 400,000, kí ọ̀nà lè là fún apá kejì. Apá kejì o! Ẹni tó ń sin ara rẹ̀ kì í dáṣọ ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n gbà fún un. Géèmù náà jáde lórí Famicom, ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Nintendo, ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1987, èyí tó sì tà ní Japan nìkan lé ní 500,000. Final Fantasy II tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1988: ọdún kan ó dín ọjọ́ kan.

Ẹ tún wo inú géèmù àkọ́kọ́ yẹn fúnra rẹ̀. Jagunjagun Ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ni, òkúta dídán kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ wọn, ti ilẹ̀, ti iná, ti omi, ti afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni láti gba Sara, ọmọ ọba, lọ́wọ́ Garland, akọni tó yíwà padà tó jí i gbé. Wọ́n ṣẹ́gun Garland, ọba tún afárá kọ́ fún wọn, wọ́n sọdá. Orí afárá yẹn ni orin ńlá ti ṣẹ́ jáde, tí ojú tẹlifíṣọ̀n sì kọ ọ́ pé ìrìn àjò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí eré dé òpin pátápátá la tó mọ̀ pé Garland kò kú. Àwọn àǹjọ̀nú mẹ́rin tó ń ba òkúta wọ̀nyẹn jẹ́ ti rán an padà sẹ́yìn ní 2000 ọdún, ó di Chaos níbẹ̀, òun náà ló sì rán àwọn àǹjọ̀nú yẹn wá síwájú. Ta ló wá bí ta? Géèmù tí wọ́n pè ní ìkẹyìn, òbírípo ni ìtàn inú rẹ̀.

Orin rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Nobuo Uematsu, tó fúnra rẹ̀ kọ́ dùùrù, ló kọ ọ́. Ohùn mẹ́ta péré ló lè gbé orin gidi nínú Famicom, ohùn kẹrin jẹ́ ti ariwo tí a fi ń ṣe bí ìlù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Prelude kò tilẹ̀ ní ju ohùn tó ń gòkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó dé téńté, tó tún rọra ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún padà gòkè. O lè fi sílẹ̀ kí o lọ se ẹ̀wà, wàá bá a níbẹ̀. Ìgbà tó di apá kẹrin lọ́dún 1991 ni Uematsu tó da orin mìíràn lé e lórí. Àwọn àwòrán Yoshitaka Amano ni mo kábàámọ̀: ó yà wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí èéfín, Famicom sì sọ wọ́n di ègé onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́.

Irọ́ kékeré kan tún wà lẹ́yìn ti ńlá yẹn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá dandan ni kí wọ́n ti ṣe apá I dé VI kí wọ́n tó fọwọ́ kan apá VII. Rárá o. Bí a bá yọ àwọn bíi X-2 tó tẹ̀ lé X kúrò, ayé ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Reluwé àti iná mànàmáná ló kún Midgar, ìlú inú VII. XVI tó jáde lọ́dún 2023 padà sí idà àti ilé ọba. Ẹ ó máa rí chocobo, ẹyẹ tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin, láti apá kejì wá. Ẹ ó sì máa bá ọkùnrin kan pàdé tó ń jẹ́ Cid, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú kì í sábà jìnnà sí. Ẹ má kí Cid inú VII bí ẹni tó ti mọ̀ yín láti apá kẹrin o. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́.