Òdo tó hàn lójú analyser kì í ṣe ẹ̀rí pé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́

Ẹ ò lè bá àwa tá a ń ṣe bọ́ílà (ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi àti ilé gbóná) nílùú ọba rìn pẹ́ kí ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Kí ni mo fẹ́ máa sanwó calibration sí? Analyser mi ń ṣe é fúnra rẹ̀ láràárọ̀." Ohun tí wọ́n ń sọ ni ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí flue gas analyser, ẹ̀rọ tá a fi ń wọn gáàsì inú èéfín bọ́ílà, máa ń kà sílẹ̀ lẹ́yìn tá a bá tàn án, kó tó kọ ọ́ sójú pé ọ́síjìn jẹ́ 20.9%, CO (kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, gáàsì olóró) sì jẹ́ 0. Ó ń fini lọ́kàn balẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ calibration, ìyẹn fífi gáàsì tí wọ́n mọ iye rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò, kọ́ nìyẹn.

Lásìkò yẹn, ńṣe ni ẹ̀rọ náà fa afẹ́fẹ́ tó bá nítòsí, ó gbà pé ó mọ́, ó wá pinnu pé iná tín-ín-rín tó ń ti inú sẹ́ńsọ̀ CO (ẹ̀yà tó ń mọ iye gáàsì náà) jáde báyìí, òdo lòun á máa pè é, èyí tó ń ti inú ti ọ́síjìn jáde, 20.9 lòun á máa pè é. Kò sẹ́ni tó fi gáàsì CO kankan hàn án. Alápatà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ dúró sórí òdo nígbà tí ẹran ò sí níbẹ̀ ṣì lè wọn gíráàmù 800 fún yín kó pè é ní kílò kan. Èyí tó wá burú jù ni pé sẹ́ńsọ̀ CO tó ti kú fin-ínfin-ín, òdo lòun náà máa kọ nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́. Èyí tó yè àti èyí tó kú, ojú kan náà ni wọ́n ń fi hàn yín láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi bọ́ílà kan ṣe é. Ọ́síjìn tó kù nínú èéfín rẹ̀ jẹ́ 5%. Ọ̀pọ̀ analyser tá à ń gbé wọlé onílé ò ní sẹ́ńsọ̀ CO2 (kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì) rárá. Ara ọ́síjìn ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, níbí yìí á jẹ́ nǹkan bí 9%. Ká ní CO tó wà nínú èéfín náà gan-an jẹ́ 400 ppm (400 nínú mílíọ̀nù kan), ìyẹn 0.04%. Ẹ fi 9 pín 0.04, ẹ ó rí 0.0044. Fún bọ́ílà condensing (irú tó tún ń gba ooru inú èéfín lò), ààlà wa ni 350 ppm fún CO, àti 0.0040 fún ìpín CO sí CO2. Bọ́ílà yìí ti fìdí rẹmi lọ́nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí sẹ́ńsọ̀ bá ti pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀, 320 ló máa kà, ìpín á di 0.0036. Ó yege! Ẹ tẹ ìwé lé onílé lọ́wọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. CO yìí náà sì ni ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sí kọ́rídọ̀ nílé, tí ẹnikẹ́ni ò jí nínú ilé lọ́jọ́ kejì: kò láwọ̀, kò lóòórùn.

Àwọn kan á ní ìpín náà ò lè tàn wá jẹ, pé àṣìṣe ọ̀tún á pa tòsì rẹ́. Ó níbi tí ìyẹn ti jóòótọ́. Tí rọ́bà tó ń fa èéfín bá ti sán, tàbí tí ẹ ò dé ike tó ń gba omi dáadáa, afẹ́fẹ́ ìta á dà pọ̀ mọ́ èéfín, CO á wálẹ̀, CO2 náà á bá a wálẹ̀, ìpín ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Àmọ́ ẹni tó bá wá rí i pé CO2 kéré, tó mú ṣúkúrù, tó fi gáàsì kún un títí nọ́ńbà fi dára lójú ẹ̀rọ, bọ́ílà tí kò ṣe é ní nǹkan kan ló bà jẹ́ yẹn. CO rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní tòótọ́. Ti sẹ́ńsọ̀ CO tó ti rẹ̀ wá yàtọ̀. CO nìkan ló ń rẹ̀ sílẹ̀, kò sóhun tó máa pa àṣìṣe yẹn rẹ́.

Ibi tẹ́ ẹ ti tan ẹ̀rọ ṣe pàtàkì náà. Mo ti rí ẹni tó tàn án lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. CO 30 ppm tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn ti di òdo rẹ̀ fún ọjọ́ náà.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà: wọ́n á fẹ́ èémí sẹ́nu ọ̀pá rẹ̀, ọ́síjìn á já sí nǹkan bí 16 tàbí 17%, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́. Ọ́síjìn nìkan lẹ dán wò. Àwọn tó ń mu sìgá á fẹ́ èéfín sí i, CO á fò sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyẹn sàn díẹ̀, nítorí ó fi hàn pé sẹ́ńsọ̀ ò tíì kú. Àmọ́ èló ni CO tó wà nínú èéfín sìgá yẹn? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ má sì sọ pé inú báàgì ló máa ń wà, ẹ kì í lò ó púpọ̀. Inú ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, òjé ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń jẹ òjé yẹn yálà ẹ tan ẹ̀rọ tàbí ẹ pa á. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n máa ń lò kó tó tán. Àwọn tuntun tí kò ní òjé máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Calibration gan-an ni kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ sílíńdà gáàsì tó ní ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n ti mọ iye CO inú rẹ̀, kí wọ́n wo iye tó kà, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Wọ́n á tún pààrọ̀ asẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ibì kan ń jò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà máa ń sọ. Ẹ̀yin láńlọ́ọ̀dù tí òfin ààbò gáàsì ọdún 1998 ní kẹ́ ẹ máa jẹ́ kí ẹlẹ́rọ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹlẹ́rọ gáàsì sílẹ̀) yẹ gáàsì ilé yín wò lọ́dọọdún, kò burú tẹ́ ẹ bá bi í pé: "Ọ̀gá, ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe calibration analyser yín?" Ẹni tó ń ṣe é déédéé ò ní bínú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní tiyín, tí ìwé ẹ̀rí bá dé, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ iye tí ẹ̀rọ kà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ iye ẹ̀yìn àtúnṣe nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ pè wọ́n kí ẹ béèrè èyí tó ṣáájú. Tó bá jẹ́ 320 ló kà lórí gáàsì 400, ẹ mú ìwé iṣẹ́ yín, ẹ wá gbogbo bọ́ílà tí CO rẹ̀ sún mọ́ ààlà láti ìgbà calibration tó kọjá, kẹ́ ẹ padà lọ wọ̀n wọ́n.