Celeron 300A: ká sún un dé 450, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ọmọ Ìkẹjà: Ẹ kú ilé o. Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ní Computer Village lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ìgbà tí mo tú u, Celeron 300A, prọ́sẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel, ni mo bá nínú rẹ̀, lórí motherboard 440BX, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́. Ó sì tàn! Ó ń ṣe mí bíi pé kí n overclock rẹ̀, kí n sún eré rẹ̀ kọjá 300 MHz tí wọ́n ṣe é fún dé 450 MHz, bí àwọn ará ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ràdíò: Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ohun tó ti lé lọ́dún 25, tí wọn ò ṣe mọ́, o fẹ́ máa lé e sáré. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Adé Peckham: Ẹ̀gbọ́n, ọbẹ̀ wo ló ń gbóná láti 1998? 😂 Tẹ́ ẹ bá yọ 450 kúrò, kí ló kù nínú ìtàn 300A? Celeron tí Intel kọ́kọ́ gbé jáde ò ní cache L2 (ìrántí kékeré tó yára, tí prọ́sẹ́sọ̀ ń lò) rárá, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ní August 1998 ni 300A dé pẹ̀lú 128 KB nínú prọ́sẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Kékeré ni, àmọ́ eré kan náà lòun àti prọ́sẹ́sọ̀ jọ ń sá. Ti Pentium II, prọ́sẹ́sọ̀ Intel tó wọ́n jù ú lọ, jẹ́ 512 KB, ìdajì eré ló sì ń sá. Bus, ọ̀nà tí prọ́sẹ́sọ̀ ń gbà bá motherboard sọ̀rọ̀, ń sá 66 MHz; ní ìlọ́po 4.5, òun ló di 300. Wọ́n ti ti 4.5 yẹn pa, kò ṣeé yí, àmọ́ bó o bá sọ bus di 100, 450 nìyẹn. Àtòun àti Pentium II 450 tí owó rẹ̀ jù ú ní ìlọ́po mẹ́rin lọ, ejìká kan náà ni wọ́n jọ wà!

Bàbá Ràdíò: Mo mọ ìtàn yẹn kí wọ́n tó bí ẹlòmíì níbí. Tó bá di dandan, kó fi bus sí 83 ná, kó wà ní nǹkan bí 374. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Àǹtí Sọ́dà: Ẹ má bínú sà, ibẹ̀ gan-an lewu wà. Tí bus bá wà ní 66, motherboard á pín in sí méjì fún PCI, ọ̀nà tí àwọn káàdì ń gbà, ó di 33. Tó bá wà ní 100, á pín in sí mẹ́ta, 33 náà ni. Àmọ́ ní 83, méjì ló ṣì ń pín in sí, PCI á wá fò kọjá 41. Orí PCI yẹn sì ni háàdì díìsìkì ń gbà kàwé. Mo ti fi ti oníbàárà kan sí 83 rí. Lọ́jọ́ kẹta, Windows 98 ò dìde mọ́, fáìlì ti bàjẹ́ káàkiri. Ní ti káàdì àti díìsìkì, 100 sàn ju 83 lọ fíìfíì. Rámù nìkan ni kó yẹ̀ wò, kó jẹ́ PC100, èyí tí wọ́n ṣe fún bus 100.

Bàbá Ràdíò: Ó dáa, mo gbà lórí 83. Mi ò gbà lórí ìyókù. Kì í ṣe gbogbo 300A ló ń dé 450. Èyí tó bá ṣagídí, wọ́n á ní kó o gbé iná rẹ̀ kúrò ní fóltì 2.0, oru á tún pọ̀ sí i. Ooru Ìkẹjà kì í ṣe ti Peckham o.

Ọmọ Ìkẹjà: BIOS tèmi, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, ò tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yí bus.

Adé Peckham: Fi sẹ́lótéèpù tín-ínrín bo ẹsẹ̀ B21 lára prọ́sẹ́sọ̀ náà. Motherboard á rò pé ti 100 ni. Tí kò bá gbà, ṣí i kúrò, ó padà di 300 nìyẹn. Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?

Lékan Pascal: Gbogbo wàhálà yìí! Ra Pentium III irú Katmai, ihò Slot 1 kan náà ló ń wọ̀, tún BIOS ṣe, ó parí. Má kàn ra Pentium III irú Coppermine, fóltì 1.65 tó ń fẹ́, ọ̀pọ̀ BX àkọ́kọ́ ò lè fún un. Eré àsápajúdé náà ò sì dáa. Ètò owó iléèwé tí bàbá mi fi Turbo Pascal, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Pentium 133. A pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, ó di "Runtime error 200".

Àǹtí Sọ́dà: Crt nìyẹn, apá kan nínú Turbo Pascal. Ó ń ka iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà lè yípo kó lè mọ bí yóò ṣe máa dúró, òǹkà yẹn wá pọ̀ ju ibi tó fẹ́ kó o sí. 300 lásán ti tó láti dá a dúró, ẹ má dì í ru 450. Katmai náà kọ́ ló bi wá. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ mọ bó ṣe lè sáré tó.

Ọmọ Ìkẹjà: Mo ti lẹ̀ ẹ́. 450 ló kọ sójú screen! Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn náà ó dì pa. Mo tú fáànù, eruku inú rẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ páàsìtì abẹ́ rẹ̀, ó ti wà lórí iná láti aago méjì, kò tíì dì.

Bàbá Ràdíò: Fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn rẹ̀. Báwo ló ṣe rí?

Ọmọ Ìkẹjà: Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, sà.

Bàbá Ràdíò: Wo orí àwọn capacitor, agolo kékeré tó ń pa iná mọ́, tó yí i ká. Èyí tó bá wú, má fi ṣeré. Kó o sì yọ sẹ́lótéèpù yẹn kó o tó sùn.

Ọmọ Ìkẹjà: Mo gbọ́, sà. Lọ́la.