Fákúùmù mi ń ké fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, á sì kú: ṣé kí n tún un ṣe àbí kí n jù ú nù?

Ìyá Ìbejì Peckham: Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Fákúùmù aláìníwáyà wa ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á ké fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, á dákẹ́, iná pupa á wá máa ṣẹ́jú. £280 ni mo rà á, kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní àwọn kì í tún un ṣe, kí n lọ ra tuntun. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé ó ṣe é tún ṣe? Ta ló ti tún un ṣe rí?

Ọmọ Ọ̀yọ́ Gan-an: Ẹ ra ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ kì í lo bátìrì.

Àdùnní ti Leeds: Bọ̀dá, kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ níbí, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá sọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn yín tó.

Onírédíò Ìkẹjà: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ yọ asẹ́ rẹ̀, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ láìlo ọṣẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó dá a padà. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ náà, irun àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé máa ń há síbẹ̀. Tó bá ń ké, tó ń dákẹ́, tó tún ń ké, afẹ́fẹ́ ni kò rọ́nà gbà. Àmọ́ tó bá ké lẹ́ẹ̀kan tó kú pátá, bátìrì ni mo fura sí.

Bàbá Tóbi: £280 fún ọdún mẹ́ta? Kò tó £2 lọ́sẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ ra tuntun, ẹ sinmi.

Ìyá Ìbejì Peckham: Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀, Bàbá Tóbi. Kí wọ́n tó bí mi ni rédíò bàbá mi ti wà nílé, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo relé ọkọ.

Bàbá Tóbi: Rédíò ayé ìgbà yẹn kọ́ nìwọ̀nyí. Ẹ ra tuntun.

Ìwé Òfin: Ẹ wá rìsíìtì yín jáde. Consumer Rights Act ti 2015 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ pẹ́ tó bó ṣe yẹ, ẹ sì lè pe ẹni tó tà á lẹ́jọ́ títí di ọdún mẹ́fà ní England. Ibi tó ti le ni pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé àbùkù náà ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀.

Káyọ̀dé 77: Ọdún mẹ́fà kẹ̀? Ọdún méjì ni wọ́n kọ sára páálí tèmi.

Ìwé Òfin: Wáráńtì nìyẹn. Wáráńtì ò lè borí òfin.

Sùúrù Lérè: Ṣebí òfin kan ti wà tó ní kí wọ́n máa ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún wa?

Ìwé Òfin: July 2021 ni. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ ìfọwo, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ló kàn. Fákúùmù ò sí níbẹ̀, ó sì dùn mí.

Kọ́lá Croydon: Kí lẹ̀ ń yọ ara yín lẹ́nu sí? Ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Wọ́n á tún un ṣe ní Alaba.

Ọmọ Alaba: Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ṣé ààtàn yín ni wá ni? Èmi ni mo máa ń tú ẹrù yẹn. Mo mọ iye òkú ẹ̀rọ tí à ń kó dà nù níbẹ̀.

Kọ́lá Croydon: Iṣẹ́ ni mo ń wá fún yín. Ta ló ń ra tòkunbọ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà ni.

Ọmọ Alaba: Tòkunbọ̀ tó ń mí là ń rà! Bátìrì lithium tó ti wú, nínú kọ̀nténà, nínú ooru, iná ni. Àbí ẹ ti gbàgbé ìlú Kókò ní Delta? Ní 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n kó májèlé láti Ítálì wá dà sí àgbàlá ọmọlúàbí kan níbẹ̀.

Kọ́lá Croydon: Kí ló pa Kókò pọ̀ mọ́ fákúùmù ẹyọ kan? O ò ka ohun tí mo kọ. Mo ní kí wọ́n TÚN UN ṢE.

Ọmọ Alaba: Ta lò ń bá sọ "o"? Àkọ́bí mi ti wà ní yunifásítì. Tí ẹ bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ọ̀wọ̀ parí.

Kọ́lá Croydon: "Ọmọ" lẹ pe ara yín. Báwo ni n bá ṣe mọ̀?

Àdùnní ti Leeds: Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ jọ̀ọ́.

Kọ́lá Croydon: Ọ̀rọ̀ "o" yẹn, ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù, mi ò yí i padà.

Ọmọ Alaba: Ẹni tó rà á ni kó tún un ṣe níbi tó ti rà á. ẸNI TÓ RÀ Á.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Gan-an: ÌGBÁLẸ̀ NI MO SỌ!

Alẹ́ Ni Mò Ń Dé: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ká má gbálẹ̀ lálẹ́. Ṣé fákúùmù wà níbẹ̀? Aago mẹ́wàá ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé.

Sùúrù Lérè: Ìyá mi ní torí òkùnkùn ni, kí èèyàn má baà gbá owó tàbí yẹtí dà nù. Fákúùmù tiwa ní iná níwájú.

Káyọ̀dé 77: Inú ike rẹ̀ náà ni owó yẹn máa sùn. Ẹ tú u wò lówùúrọ̀ 😂

Bàbá Tóbi: Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín ló máa sọ fún yín bóyá èèwọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fọ asẹ́ náà láti àná, ó ti gbẹ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ náà ni.

Alẹ́ Ni Mò Ń Dé: Tí mo bá lò ó ní ìdájí ńkọ́?

Onírédíò Ìkẹjà: Bátìrì ni, Ìyá Ìbejì. Tí wọ́n bá kọ 21.6 V sí i lára, ọmọ bátìrì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, 3.6 V kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so tẹ̀léra. Bí ẹyọ kan bá ti rẹ̀, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ wọn á pa gbogbo rẹ̀ kí iná má baà sọ. Ẹ má tú inú bátìrì fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin gbígbóná lẹ nǹkan mọ́ ọn, ooru ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Odidi rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Súkúrúù méjì mẹ́ta ló máa ń dè é mọ́ra. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ará Deptford: Ẹ gbé e lọ sí Repair Café tó bá sún mọ́ yín, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tún nǹkan ṣe. Amsterdam ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, ó ti kárí ibi gbogbo báyìí. Mo gbé kétùlù lọ, wọ́n jókòó tì mí títí ó fi hó, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹ má ju ògbólógbòó bátìrì yẹn sínú bíìnì o! Wọ́n ń gbiná nínú ọkọ̀ akólẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta bátìrì tó 32 kg lọ́dún gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín.

Bàbá Tóbi: Gbogbo wàhálà yìí? Tuntun.

Kọ́lá Croydon: Ọmọ Alaba, sà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ta ló ń ra tòkunbọ̀?

Ọmọ Alaba: Mo ti dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ kà á.

Màmá Camberwell: Mi ò ka gbogbo rẹ̀ o. Ìyá Ìbejì, ṣé fákúùmù yẹn ṣì wà? Tí ẹ bá fẹ́ jù ú nù, mò ń bọ̀ wá gbé e lọ́la.