Tókìn tó mọ ẹni tó ni ín, àti èyí tí kò mọ ẹnikẹ́ni

Èrò ọkàn mi rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá tó ń lo fóònù nílùú Ìbàdàn níbí.

Tókìn ti pọ̀ láyé wa. Tókìn iná wà, tókìn báńkì wà, nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ wà, káàdì alájọ wà, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ òde ìnáwó wà, nọ́ńbà tí wọ́n ń fún wa ní ọsibítù kí á tó rí dókítà náà wà. Ojoojúmọ́ la ń gbà wọ́n, tí a sì ń fi wọ́n gba nǹkan mìíràn. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a kì í bi ara wa, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí gbogbo ilé máa bi í: ṣé tókìn yìí mọ ẹni tó ni ín? Bí ẹlòmíràn bá rí i, ṣé ó lè fi ṣe nǹkan kan? Ibi tí a ò ti bèèrè yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbà wọlé sára àwọn òbí wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti iná, òun la mọ̀ jù. Nọ́ńbà 20 ni. A lè rà á lórí fóònù tàbí lọ́wọ́ àwọn oní-POS etí títì, ká sì tẹ̀ ẹ́ sínú mítà. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní STS (Standard Transfer Specification), South Africa ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí ẹ bá ti sanwó, kọ̀ǹpútà á mú iye yúnìtì tí owó yín rà àti àkókò tí ẹ rà á, á fi kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti mítà yín nìkan tì wọ́n pa. Ohun tó bá jáde lẹ́yìn títì yẹn ni nọ́ńbà 20 tí ẹ ń rí. Mítà yín nìkan ló lè ṣí i. Bí ẹ bá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ní Dùgbẹ̀, kí gbogbo èrò tó ń kọjá lábẹ́ Cocoa House kà á, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè fi tan gílóòbù nílé rẹ̀. Mítà tún máa ń rántí èyí tó ti gbà, nítorí náà ẹ ò lè tẹ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ni pé yúnìtì ló wà nínú tókìn náà, kì í ṣe owó. Nígbà tí iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, di ₦225 lórí yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦5,000, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí ọjà ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò rà ju yúnìtì 20 àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra tiẹ̀ kí owó tó gòkè, yúnìtì rẹ̀ ò dín.

Àkókò tí mo ní wọ́n ń tì pa mọ́ inú tókìn ló sì fa wàhálà tí gbogbo wa rí lọ́dún 2024 yẹn kan náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni ìlànà náà ti ń ka ìṣẹ́jú, àyè tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Ó kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní kí á kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà 20 méjì mìíràn sínú mítà kí tókìn tí a rà tó lè wọlé. Ta ló ṣàlàyé èyí fún àwọn àgbà àdúgbò wa? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ṣàdédé rí nọ́ńbà 60 ni, wọ́n rò pé mítà ti bàjẹ́. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí títí di òní, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le láti fi èdè wa sọ.

Nítorí pé olè ò lè fi tókìn iná ṣe nǹkan kan, àwa fúnra wa la kọ́ àwọn òbí wa láti máa kà á sókè. Ọmọ á wà ní Èkó, á ra iná, á pe ìyá rẹ̀ ní Mọ́níyà, á máa pè é fún un ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ìyá á máa pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé e kí ẹni tó dúró nídìí mítà lè gbọ́. Gbogbo ojúlé ló máa ń gbọ́ ọ, kò sì sí ewu kankan níbẹ̀. Àṣà tó dára ni, ó ń jẹ́ kí ọmọ tó wà lókèèrè tọ́jú ilé. Ṣùgbọ́n ó ti fi sí àwọn òbí wa lọ́kàn pé nọ́ńbà tó bá wọ fóònù, kíkà ni.

Nọ́ńbà mẹ́fà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Bákan náà ni ti ẹ̀rọ kékeré tí báńkì ń fún àwọn oníṣòwò, tí wọ́n máa ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Nọ́ńbà àṣírí kan wà nínú rẹ̀ tí báńkì náà ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, aago sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ á fi àṣírí náà àti aago ṣe ìṣirò, nọ́ńbà tuntun á máa jáde ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí 60 síra wọn. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Báńkì ń ṣe ìṣirò kan náà lọ́dọ̀ tiẹ̀, bí méjèèjì bá sì bára mu, ó gbà pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kò ní bí yóò ṣe mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́, pé ẹ̀yin kàn ń kà á sí i létí lórí fóònù ni.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ẹnì kan pè é, ó kí i bí ọmọ gidi ṣe ń kí ìyá, ó béèrè àlàáfíà ọjà. Ó ní báńkì lòun ti ń pè, pé BVN Màmá ní ìṣòro, wọ́n sì fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ó ní nọ́ńbà kan máa tó wọlé, kí Màmá bá òun pè é jáde kí òun lè tún un ṣe. Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó sì pè é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń pe ti iná gẹ́lẹ́. Owó tó fẹ́ fi lọ kó ọjà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn kan ládùúgbò ní kò lọ́gbọ́n lórí. Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láéláé. Obìnrin tó ń fojú wo èlùbọ́ tó ń mọ èyí tí òjò pa, tó mọ gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀ láìkọ ọ́ síbì kankan, ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ ń pè ní aláìlọ́gbọ́n? Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ la ò là á yé e.

Ti WhatsApp náà nìyẹn. “Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà kan ṣèèṣì wọ orí fóònù yín, ẹ bá mi fi ránṣẹ́.” Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, wọ́n ti gba WhatsApp yín nìyẹn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí àti ará ìjọ. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ tan Two-step verification lórí fóònù àwọn òbí yín lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra tókìn kírípítò, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbà nìkan ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tó ń ṣí àpò kírípítò yín, tí wọ́n ní kí ẹ kọ pamọ́ yẹn, ẹni tó bá rí i ti kó gbogbo ẹ̀ lọ, kò sì sí ọ́fíìsì tí ẹ máa gbà lọ láti gbà á padà.

Ìyàtọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Owó ẹyọ ló jẹ́ kó dá mi lójú. Lọ́jà, owó ẹyọ kò mọ ẹni tó ni ín: ogójì, ẹgbàá, títí dé òkẹ́ kan tó jẹ́ 20,000, ẹni tó bá gbé e ló máa ná an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi owó ẹyọ kan náà pa àrokò, ó ti di ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì. Mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ń sọ fún ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tó rán an ń fà sí i, mẹ́jọ ń sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọ. Ìránṣẹ́ tó gbé e lè má mọ ohun tó gbé. Bí ọlọ́ṣà bá já a gbà lọ́nà, owó ẹyọ mélòó kan ló rí. Àwọn bàbá wa mọ èyí tó yẹ kí wọ́n gbé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àti èyí tí wọ́n ní láti ṣọ́.

Èyí tí mo sì nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú gbogbo wọn, tó ṣì wà láàárín wa, ni káàdì alájọ. Páálí kékeré ni, ilé 31 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Alájọ á yà ní ìsọ̀, á gba owó, á fa ìlà sínú káàdì, á tún kọ ọ́ sínú ìwé tiẹ̀. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, á kó ìyókù fún ẹni tó dá a. Bí káàdì bá sọnù, owó ò sọnù, torí alájọ mọ ojú oníbàárà rẹ̀, ó mọ ìsọ̀ rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì wà nílé. Ẹni tó bá jí káàdì lọ bá a máa ṣàlàyé ara rẹ̀ lójú ọjà. Lóòótọ́, alájọ lè sá lọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kó owó kúrò ní báńkì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú àjọ, ẹni tó ń gba owó ló ru ẹrù mímọ oníbàárà. Ní báńkì, wọ́n ti gbé ẹrù náà lé oníbàárà lórí, wọ́n ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, wọn ò sì fi èdè tó gbọ́ sọ ọ́ fún un.

Tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ òde ìnáwó náà kò mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n abọ́ ìrẹsì kan ni àdánù rẹ̀, kò tó ohun tí à ń jà lé lórí.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí yín, ẹ má kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má ka nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni. Kò ní ṣiṣẹ́, torí ẹ̀yin náà lẹ máa pè lọ́la nípa iná. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Màmá, èyí tó gùn, tó jẹ́ 20, ti iná ni, ẹ lè pè é sókè. Èyí tó kúrú, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, ẹ má pè é fún ẹnikẹ́ni. Bí èmi tí ẹ bí bá bèèrè ẹ̀, ẹ ti fóònù pa.” Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ fún yín. Bí wọ́n bá sì ti ṣèèṣì pè é fún ẹnì kan, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ni kí wọ́n pè lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé èyí dé iwájú àwọn ọ̀gá yín. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń bi wá bóyá Yorùbá la fẹ́ gbọ́ bí a bá pè wọ́n. Kí ló dé tí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lè kó gbogbo owó ìyá ọlọ́jà lọ fi máa ń wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan? Ẹ jẹ́ kí oníbàárà yan èdè tó fẹ́ nígbà tó bá ń ṣí àkáǹtì. Kí ẹ sì kọ ìkìlọ̀ síwájú, kí nọ́ńbà wà lẹ́yìn, torí ẹni tó ti rí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é nìyẹn. Gbólóhùn náà kò gùn: “Ẹ má pe nọ́ńbà yìí fún ẹnikẹ́ni. Báńkì ò ní bi yín láéláé. Ẹni tó bá bi yín, olè ni.” Ẹ lò ó bó ṣe wà.