Owó Ìfẹ̀yìntì Pásítọ̀ Kì Í Ṣe Ìtọrẹ Àánú

Ìjọ tó lo pásítọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún láì fi kọ́bọ̀ pamọ́ dè é lọ́jọ́ alẹ́ ti jẹ gbèsè, ì báà jẹ́ pé iṣẹ́ Olúwa ni àwọn alàgbà rẹ̀ ń pè é. Láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀ffà, Ìgbàjà, Ọmù-Àrán, títí dé Òdò-Ọwà tí wọ́n ti bí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC ní 1904, ilé ìsìn ń ga sí i, táìlì ń wọlé, ẹ̀rọ agbóhùn tuntun ń dé. Ẹ béèrè pé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì pásítọ̀ dà, ńṣe ni akápò á máa wojú akọ̀wé.

A mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: ìpè ni, kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. Bíbélì tí wọ́n ń kà ò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Númérì, ẹni àádọ́ta ọdún ni ọmọ Léfì ti ń ṣíwọ́ iṣẹ́ tó nira nínú àgọ́, Ọlọ́run sì ní kí Ísírẹ́lì ya ìlú 48 sọ́tọ̀ fún wọn láti máa gbé. Wọn ò tíì wọ Kénáánì nígbà yẹn o.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ju owó lọ ni pé ẹnu pásítọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní abúlé Ìgbómìnà tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Èkó àti Ìlọrin, àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ́kù ló ń dá ọrẹ. Owó máa ń wọlé nígbà Àjíǹde, ìdúpẹ́ ìkórè àti Kérésìmesì tí àwọn ọmọ ìlú bá wálé. Láàárín ìgbà wọ̀nyẹn, owó oṣù á di ìdajì, nígbà mìíràn á di iṣu. Ta ló wá ń san owó iléèwé ọmọ pásítọ̀? Olówó kan nínú ìjọ ni, lábẹ́lẹ̀. Bí olówó yẹn bá gbé olóṣèlú wá síwájú pẹpẹ lọ́dún ìdìbò, tàbí tó gba ilẹ̀ mọ́ opó lọ́wọ́, ìwàásù wo la fẹ́ kí pásítọ̀ ṣe? Àwọn tí kò rí olówó á máa ta òróró, wọ́n á máa ríran fún ẹni tó bá lè sanwó. A kò dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ìjọ tó febi pa wòlíì kò lẹ́nu láti bá a wí.

Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 kò fi bẹ́ẹ̀ díjú. Agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ó fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí ó sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá sanwó oṣù. Ká ní ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024, ni pásítọ̀ ń gbà: ₦5,600 tirẹ̀, ₦7,000 ti ìjọ, ó di ₦12,600 lóṣù. Ní ọgbọ̀n ọdún, ₦4,536,000 ni, láì tíì ka èlé. Kò pọ̀, pàápàá bí ọjà ṣe ń gbówó lórí yìí. Síbẹ̀ ó sàn ju àpò ìrẹsì àti aago ògiri ọjọ́ ìdágbére lọ.

Àwọn kan ní pásítọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹni tí ẹ fún ní lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, tí ẹ ń gbé kiri láti Ìgbàjà lọ sí Èsìẹ́, tí ẹ sì lè dá dúró bó bá wù yín, kí ni kí á pè é? Ìjọ àdáni tí kò ní ju pásítọ̀ kan tàbí méjì lọ náà ò ní àwáwí: ètò ìfẹ̀yìntì àdáni (Personal Pension Plan), tó rọ́pò ètò kéékèèké tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2019, wà fún irú wọn.

Ìgbà tí wọ́n bá gbé pásítọ̀ kúrò ni nǹkan máa ń dàrú jù. Akápò ìjọ àtijọ́ á rò pé ìjọ tuntun ti ń san án, ti ìjọ tuntun á rò pé ti àtijọ́ ò tíì ṣíwọ́, oṣù á sì máa lọ. Nítorí náà, ọ́fíìsì ẹkùn, tó ń bójú tó àwọn ìjọ agbègbè, ni kó máa san án. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan fi ìpín tirẹ̀ ránṣẹ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kí ìjọ Gàá Àkàǹbí nílùú Ìlọrin lè bá ìjọ abúlé ru ẹrù. Nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì kan náà, tí wọ́n ń pè ní PIN, ló ń tẹ̀lé pásítọ̀ ká gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí òmíràn fún un. Orúkọ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu: ẹni tó fi orúkọ ìrìbọmi sílẹ̀ níbì kan, tó fi orúkọ àbísọ sílẹ̀ níbòmíràn, á pààrà ọ́fíìsì títí. Èyí tó burú jù ni ìjọ tó ń yọ ìdá 8 yẹn tí kò fi ránṣẹ́. Olè ni. Kí pásítọ̀ máa yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó má tijú.

Pásítọ̀ tó bá ti lé ní ẹni ọdún 55, àkáǹtì tuntun ò lè ṣe é lóore púpọ̀. Ilẹ̀ ni kí ìjọ wá fún un báyìí, kí ìwé rẹ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n máa yọ nínú owó ìkórè ọdọọdún fi kọ́ yàrá méjì sórí rẹ̀.

Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 yẹn náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò ní dín sí owó ọdún mẹ́ta; fún ẹni tó ń gba ₦70,000, ₦2,520,000 ni. Bí pásítọ̀ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, ilé míṣọ́ọ̀nù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí, torí pásítọ̀ tuntun ń bọ̀. Kí ìpàdé gbogboogbò ọdún tó ń bọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìjọ pé opó kò ní kó jáde kó tó pé oṣù méjìlá, àti pé orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lórí fọ́ọ̀mù adójútòfò, kì í ṣe orúkọ ìjọ.